Bátìrì Tó Fúyẹ́ Nínú Ọkọ̀ Àbúrò

Ọkùnrin kan wà tí ó lè dúró lẹ́bàá títì, kí ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì tó ń kọjá lọ, kí ó sì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Kò yani lẹ́nu. Ìdí irin ni ìdílé wọn ti ń jẹun. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nílùú wọn. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì lọ́rì sílẹ̀ níbẹ̀, tó tún un tò padà, tí nọ́ọ̀tì kan kò ṣẹ́kù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá náà máa ń sọ, tó wá di òfin nínú ilé wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ọmọ mẹkáníìkì níbi tó ti ń ti mọ́tò ara rẹ̀ ní gbangba. Ọkùnrin yìí ni àkọ́bí. Ó gba òfin náà gbọ́ ju bí bàbá rẹ̀ ti gbà á gbọ́ lọ.

Ní ìlú wọn, lọ́dọọdún, àwọn awakọ̀ máa ń sá eré ìje ní pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ tí ìjọba ti pa tì. Ọkọ̀ méjì ni yóò dúró lórí ìlà funfun kan. Bí àsíá bá ti já wálẹ̀, àwọn méjèèjì yóò ta jáde. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ibi àgbá pupa tó wà ní òpin pápá ló borí. Eré náà kì í pẹ́ tó kí ènìyàn sín lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ọ̀tá ni gbogbo ohun tó bá wúwo. Wọn a yọ àga ẹ̀yìn, wọn a yọ kápẹ́ẹ̀tì, wọn a tilẹ̀ yọ gíláàsì ojú fèrèsé.

Ọdún méje ni ọkùnrin yìí fi gba ipò kìíní. Lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú, wá borí rẹ̀. Àwọn ènìyàn ní oríire ni. Lọ́dún kejì, àbúrò tún borí. Wọ́n dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ oríire, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ wọn lọ sí ọgbà tí àbúrò ti ń tún mọ́tò ṣe.

Owú kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, yóò gba ọ̀nà tó jìn, kí ó lè ka ọkọ̀ tó wà níwájú ọgbà àbúrò rẹ̀. Bó bá jókòó sídìí oúnjẹ, yóò mú òkèlè, yóò dúró, yóò bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ọkọ̀ mélòó lo rí níbẹ̀ lónìí?"

Ìyàwó rẹ̀ a ní, "Bàbá Morẹ́nikẹ́, ṣé ọbẹ̀ yìí kò dùn ni, àbí ọkọ̀ lẹ fẹ́ jẹ?"

Kì í rẹ́rìn-ín. Méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti sọdá sọ́dọ̀ àbúrò. Lọ́dún kẹta, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ wá kéde pé ẹni tó bá gba ipò kìíní ni àwọn yóò fi gbogbo ọkọ̀ ẹgbẹ́ sí lọ́wọ́ láti máa tún ṣe. Ó mọ̀ pé bí iṣẹ́ náà bá bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, òun yóò ti ọgbà tí bàbá òun fi sílẹ̀ pa.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣírí. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí àbúrò rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ ọgbà náà, ó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ìje. Níbi tí bátìrì ńlá yẹ kó wà, ohun kékeré kan ló rí, tí kò ju búrẹ́dì ọlọ́mọdé lọ. Ó fi ọwọ́ kan gbé e bí ẹni gbé ìwé orin. Tirẹ̀ nílé, ọwọ́ méjì ni, pẹ̀lú ìkérora. Ó tún wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ tó máa ń dá agbára padà sínú bátìrì bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àbúrò ti yọ ọ́ jù sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè túbọ̀ fúyẹ́.

"Ṣé èyí náà ni?" ló sọ fún ara rẹ̀. "Èyí ni wọ́n fi ń pè é lọ́gá?"

Ó lè béèrè. Àbúrò yìí kò fi ohunkóhun pamọ́ fún un rí láti kékeré. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo náà, "Àbúrò mi, báwo lo ṣe ń lò ó?", wúwo lẹ́nu rẹ̀ ju bátìrì ọkọ̀ lọ́rì lọ. Àgbà kì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó kọ́. Ó rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá.

Oníbátìrì kan níbẹ̀ gbé irú bátìrì kékeré náà síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, èyí dára fún eré ìje. Ṣùgbọ́n omi inú ife ni agbára rẹ̀, kì í ṣe omi kànga. Ta ni yóò máa bu omi sí i?"

Ọkùnrin náà ní, "Ìwọ ṣáà dì í fún mi. Kí wọ́n tó bí ọ ni wọ́n ti ń tú mọ́tò nílé wa."

Oníbátìrì dì í fún un. Nígbà tó délé, ó fi í sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì yọ ẹ̀rọ adágbárapadà tirẹ̀ náà dànù, bó ṣe rí i lára ti àbúrò.

Ọjọ́ ìdíje pé. Àbúrò dé pápá bó ti máa ń dé lọ́dọọdún: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò dún, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń ti ọkọ̀ náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, òógùn bo ojú àwọn méjèèjì. Òṣìṣẹ́ kan ń ti wíìbárò tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, aṣọ bo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí ẹ̀gbọ́n ti ń fi ìtìkutì yìí ṣe ẹlẹ́yà. Ó yọ orí jáde nínú ọkọ̀ tirẹ̀.

"Oyèníran! Ṣé epo ló tán ni, àbí mọ́tò rẹ ti di ìyàwó tuntun tí ẹ ń sìn lọ sílé ọkọ?"

Gbogbo pápá hó. Àbúrò náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Eré ń bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n kò fẹsẹ̀ rìn ní tirẹ̀. Ó ti ń tan ẹ́ńjìnnì bọ̀ láti ilé. Iná iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀sán, fáànù ń fẹ́, rédíò ń kọrin. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá ló wà níwájú wọn. Ó lè pa ẹ́ńjìnnì náà kó sì dúró. Ṣùgbọ́n ó ń wo ojú àwọn ènìyàn. Nígbàkigbà tí wọ́n bá kọjú sí ọkọ̀ àbúrò, yóò fẹsẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì ní epo kí ó lè ké, kí ojú wọn lè padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohùn. Iná iwájú di pupa. Ó rò pé oòrùn ló bò ó mọ́lẹ̀.

Wọ́n pe àwọn méjèèjì. Ó wakọ̀ dé orí ìlà funfun, ẹ́ńjìnnì sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà dún "tà" lẹ́ẹ̀kan, kò tún sọ nǹkan kan mọ́.

Alásíá wo aago rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni òfin fún yín."

Àbúrò rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Ó ti wíìbárò náà wá fúnra rẹ̀, ó sì ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò. Bátìrì ńlá, irú èyí tí gbogbo ayé ń lò, ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú wáyà méjì.

Ó rọ ohùn sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kékeré yìí kò lè dá dúró. Ńlá tó wà nínú wíìbárò yìí ló ń bọ́ ọ. N kì í tan ẹ́ńjìnnì títí yóò fi kàn mí. Ìdí tí a fi ń tì í nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi wáyà gbé e fún yín, ẹ óò sì ta jáde."

Gbogbo rẹ̀ wá yé ọkùnrin náà pátápátá. Ẹrù tí kò sí nínú ọkọ̀ àbúrò kò sọnù. Àbúrò ló gbé e sórí ara rẹ̀, ó ń fi òógùn tì í. Ohun tí òun ń jowú àti ohun tí òun ń fi ṣe ẹlẹ́yà, ọ̀kan náà ni.

Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ṣì kù. Ó wo àwọn ènìyàn tó dúró lẹ́yìn okùn. Ó ti ń gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ: àbúrò rẹ̀ ló gbé e dìde.

Ó ní, "Gbé wáyà rẹ kúrò nídìí ọkọ̀ mi. N kò tọrọ."

"Bàbá Morẹ́nikẹ́!" Ìyàwó rẹ̀ ló ń ké lẹ́yìn okùn. "Ẹ gbà á! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á!"

Ó kọjú síwájú bí ẹni tó ń wakọ̀ lọ. Alásíá dúró pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì já àsíá. Àbúrò dá eré náà sá. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ẹ̀gbọ́n ti ti ọgbà bàbá wọn pa.

Ìbídùn, ìwọ ni mo sọ àkàwé yìí fún. Láti àárọ̀ tí o ti jókòó síbí, ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti sọ fún mi pé àbúrò rẹ ti di ọ̀gá ilé ìwé, àti pé ẹ̀bùn ẹnu ló fi gbà á. O rí àga tó jókòó lé. Ọdún mẹ́rin tó fi ń wọ ọkọ̀ lọ kàwé ní gbogbo Sátidé, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ṣé o rí ìyẹn? O rí i. Ìwọ lo pè é ní ìyá arúgbó oníbáàgì ìwé, tí gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. O ní lọ́dún yìí o fẹ́ ṣe ìdánwò tí òun náà ṣe, o sì mọ̀ pé ìwé tó kà fún un ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lánàá láti kó o fún ọ, o kò dá a lóhùn.

Jowú bó o bá fẹ́, n kò lè yọ ọ́ lọ́kàn rẹ. Ṣùgbọ́n má jókòó sínú ọkọ̀ tó ti kú, kí o máa lé ẹni tó mú wáyà wá. Fóònù rẹ ló ń dún yẹn, òun náà sì ni. Gbé e kó tó dákẹ́.