Kẹ̀kẹ́ tí Òkédìran Fi Sílẹ̀

Orí òkè ni wọ́n tẹ ìlú Òkè-Ọparun dó sí, ọ̀nà tó sì ti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ débi pé ewúrẹ́ pàápàá ń fi ẹ̀sọ̀ rìn ín. Níbẹ̀ ni Àjíbóyè ń gbé pẹ̀lú Òkédìran, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àjíbóyè kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nínú ẹbí. Nígbà tó ṣì kéré, wọ́n fi àgbò ọdún sí i níkàwọ́, ó gbàgbé láti so ó, àgbò sì bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé nǹkan fún un, àwọn ìyàwó ilé á ní, "Ẹ kí nǹkan yẹn pé ó dìgbóṣe." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún dọ́kàn.

Nígbà tí Òkédìran fẹ́ lọ ṣòwò ní Kúmásí, kẹ̀kẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni kò mọ bí yóò ti ṣe é. Ó pe Àjíbóyè.

"Gbogbo ẹbí ní kí n má fi í sí ọ lọ́wọ́, mi ò gbọ́ tiwọn. Má gùn ún, má fi yá ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ yìí ni kí n bá a."

Àjíbóyè dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀ lẹ máa bá a. Bí nǹkan kan bá yẹ̀ lára rẹ̀, ẹ má pè mí lọ́mọ ìyá yín mọ́."

Ó gbé kẹ̀kẹ́ sí yàrá, ó fi igi gbé táyà rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó sì fi kíjìpá ìyá wọn bò ó. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, á ṣí aṣọ náà, á nu irin rẹ̀ títí yóò fi máa kọ mànà, á tún bò ó. Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín bẹ̀rẹ̀ sí í mú àlejò wá wo kẹ̀kẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ìyàwó ilé pàápàá ń gbé ẹrù wọn fún un pa mọ́. Ọkùnrin náà wá ń gbórí sókè láwùjọ, ta ni kò sì ní gbé e?

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò yìn ín, ìyẹn Lámídì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọjà. Ní ọdún keje, wọ́n mú un wá wò ó. Kàkà kó pàtẹ́wọ́, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èékánná tẹ rọ́bà búrẹ́kì.

"Àjíbóyè, rọ́bà yìí ti gan. Ọ̀pá búrẹ́kì náà sì ń dógùn-ún níbi tí àkísà rẹ kì í dé. Jẹ́ kí n tú u, kí n pààrọ̀ èyí tó yẹ, kí n fi gírísì sí i."

"Kí o tú kí ni? Sípánà kankan ò ní kan kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Rọ́bà tó fi sílẹ̀ ló máa bá."

"Rọ́bà kì í dúró de ẹni tó rìnrìn àjò o."

"Mo ti gbọ́. Máa lọ sí ìsọ̀ rẹ."

Lámídì mirí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún kẹsàn-án, Òkédìran dé. Kò tíì jókòó tó fi béèrè kẹ̀kẹ́. Àjíbóyè ṣí aṣọ lójú gbogbo ẹbí. Òkédìran fọwọ́ pa kẹ̀kẹ́ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Àjíbóyè, o ṣeun. Bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ ni mo bá a. Ẹni tó bá tún sọ̀rọ̀ àgbò sí ọ, èmi ló fẹ́ bá jà."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Àjíbóyè, inú rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Òkédìran fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, ó ní òun ń lọ sí abà tó wà nísàlẹ̀ òkè, níbi tí ìyá wọn wà. Ìyá kò tíì gbọ́ pé ó dé, ó sì fẹ́ kó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ yọ sí i.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Lámídì sọ sí Àjíbóyè lọ́kàn. Ó dé orí ahọ́n rẹ̀ pé kí ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ kí Lámídì kọ́kọ́ yẹ búrẹ́kì wò. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, á jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ kò rí bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ mọ́, ìyìn tó fi ọdún mẹ́sàn-án wá yóò sì bàjẹ́ lójú ẹbí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ẹ máa rọra o," ni gbogbo ohun tó sọ.

Wọ́n dúró lórí òkè, wọ́n ń wò ó lọ. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, eré náà sì ń pọ̀ sí i. Wọ́n rí Òkédìran tó na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, tó ń fi bàtà wọ́lẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó ké, "Àjíbóyè!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí Àjíbóyè tó sáré dé ẹsẹ̀ àpáta tó wà níbi tí ọ̀nà ti yà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mí mọ́.

Àjíbóyè fúnra rẹ̀ ló sáré lọ sọ ọ́ ní abà. Ìyá wọn rí i lókèèrè, ó dìde.

"Àjíbóyè, kí ló dé tí ò ń sáré? Àbí Òkédìran ti dé ni?"

"Ó ti dé, Yèyé," ni ó wí. Ó wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Lámídì kó àfọ́kù kẹ̀kẹ́ wá síwájú ẹbí. Rọ́bà búrẹ́kì ti le bí èésan. Ọ̀pá rẹ̀ tó ń dán lóde, ìpáàrà ti jẹ ẹ́ dé inú níbi tó ti wọ ìsàlẹ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ló sì ti kán. Kò sẹ́ni tó bá Àjíbóyè wí. Àwọn àgbààgbà tilẹ̀ ń tù ú nínú pé ó pa ohun ìfipamọ́ mọ́ dáadáa.

"Ẹ má yìn mí mọ́," ni Àjíbóyè wí. "Mo kàn bò ó ni, n kò tọ́jú rẹ̀. Wọ́n sì sọ fún mi."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ìyá méjì yìí ló di ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà, tí wọ́n fi ń sọ fún ẹni tó bá ń fi ohun àtijọ́ yangàn láìyẹ inú rẹ̀ wò pé: Ìpamọ́ kọ́ ni ìtọ́jú, aṣọ tí a fi bo kẹ̀kẹ́ kò gbà á lọ́wọ́ ìpáàrà.