Ìdí Tí Ọmọ Ajá Ẹ̀yà Méjì Kì í Fi Í Jọra

Kí ni a ti mọ̀ nípa ọmọ ajá? A mọ̀ pé ojú wọn máa ń dì nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wọn. A mọ̀ pé wọ́n máa ń du ọmú. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ ti kíyè sí i pé bí bàbá bá jẹ́ ẹ̀yà kan, tí ìyá jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, ọmọ mẹ́fà lè jáde láti inú ikùn kan, kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà má jọra?

Nígbà láéláé, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú méjì péré ni ajá ní. Àwọn ará Òkè Ọ̀dàn jẹ́ ọdẹ. Ẹsẹ̀ wọn gùn, irun wọn fẹ́lẹ́, imú wọn sì mú, ṣùgbọ́n wọn kì í gbó. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Odò jẹ́ aṣọ́lé. Ẹsẹ̀ wọn kúrú, irun wọn dí bí òwú, ohùn wọn sì ń dún dé ìlú kejì. Wọn kì í fẹ́ ara wọn.

Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Alámọ̀ ni ó ń mọ ọmọ fún gbogbo wọn. Inú kòtò amọ̀ pupa ni ó ti ń bu ti Òkè Ọ̀dàn, inú kòtò dúdú ni ó ti ń bu ti Ìsàlẹ̀ Odò.

Ní ọjọ́ kan, Fẹ̀sọ̀jayé, abo ajá láti Òkè Ọ̀dàn, pàdé Ẹnudùnròfọ́, ará Ìsàlẹ̀ Odò, létí omi. Ọkàn wọn fà mọ́ra, wọ́n sì pinnu láti fẹ́ ara wọn. Orúkọ ọkọ yìí ro ó: ohun tí kò tíì ṣe ni ó máa ń fi yangàn.

Baálẹ̀ Òkè Ọ̀dàn kò kọ ìgbéyàwó náà, ṣùgbọ́n ó rán wọn létí òfin ìlú. Bí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e wá síwájú òun. Èyí tí kò bá lè ṣọdẹ kò ní gbé Òkè Ọ̀dàn. Láti ọjọ́ yẹn ni Fẹ̀sọ̀jayé kò ti sùn dáadáa mọ́.

Alámọ̀ bu amọ̀ pupa, ó bu dúdú, ó fi ẹsẹ̀ pò wọ́n pọ̀, ó sì fi ewé bò wọ́n. Ó ní ọjọ́ méje ni amọ̀ náà yóò fi sùn kí òun tó mọ ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí i.

Ẹnudùnròfọ́ ti sọ káàkiri pé ẹsẹ̀ àti imú ìyá ni àwọn ọmọ òun yóò ní, pẹ̀lú irun àti ohùn bàbá, gbogbo wọn yóò sì jọra bí ẹyin. Kò lè dúró. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní òun fẹ́ lọ ṣa amọ̀ náà, kí pupa wà fún ẹsẹ̀, kí dúdú wà fún irun. Ara Fẹ̀sọ̀jayé kò gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù Baálẹ̀ kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀.

Ẹnudùnròfọ́ ṣí ewé. Ó ṣa amọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi rẹ̀. Oòrùn pa amọ̀ náà, ó di ṣíbá-ṣìbà-ṣíbá, pupa níhìn-ín, dúdú lọ́hùn-ún. Nígbà tí Alámọ̀ dé, ó wò ó títí.

Ó ní, “Ẹnudùnròfọ́, amọ̀ yìí kò ní pò mọ́. Ohun tí ọwọ́ mi bá bà ni n ó mọ.”

Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí. Ọ̀kan ní irun òwú lórí ẹsẹ̀ gígùn. Òmíràn kúrú, irun rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ọ̀kan ní etí kan tó nà, èkejì wó. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó jọ ìyá rẹ̀ bí ẹni fi í ṣe àwòkọ.

Ọjọ́ àfihàn pé. Baálẹ̀ ya èyí tó jọ ìyá sọ́tọ̀, ó sì bi wọ́n nípa onírun òwú pé, “Èyí ńkọ́? Ṣé ajá ni, àbí òwú tó ń rìn?”

Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ní kí wọ́n kó márùn-ún ìyókù kọjá odò. Ẹnudùnròfọ́ sá pamọ́ sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Fẹ̀sọ̀jayé ni ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ojú ni ẹ fi yàn wọ́n. Imú ni a fi ń ṣọdẹ.”

Baálẹ̀ ní kí wọ́n dán an wò. Ó ní kí wọ́n lọ ri eku gbígbẹ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí wọ́n sì tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Èyí tó jọ ìyá sáré lọ sáré bọ̀, ó rí òjìji ara rẹ̀, ó sì ń gbó o. Onírun òwú kò kánjú. Ó dorí kodò, ó gbóòórùn ilẹ̀ lọ tààrà, ó sì wú eku náà jáde.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Baálẹ̀ ní, “Ojú kò lè yàn wọ́n. Ikùn kan ni ó bí wọn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn máa gbé ilé.” Fẹ̀sọ̀jayé kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ra, ó sì sùn kí oòrùn tó wọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti rí bẹ́ẹ̀ títí di òní: ọmọ ajá ẹ̀yà méjì kì í jọra, irun wọn kì í sì í sọ ìwà wọn fún wa.

Bí ajá aládùúgbò yín bá bímọ, tí àwọn ọmọ náà sì ti ń rìn, ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ fi ẹja díẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ewé, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Kí wọ́n tó dìde, ẹ sọ èyí tí ẹ rò pé yóò kọ́kọ́ rí i, lẹ́yìn náà kí ẹ wò ó bóyá ẹ tọ̀nà.