Orógùn Méjì Efúndáyọ̀

Ní ìlú Òkè-Ìyeyè, agboolé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilé Ọlọ́tí. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń fi àgbàdo pọn, kò sì sí àlejò tó tọ́ ọ wò tí kì í bèèrè ilé tí wọ́n ti pọn ọ́n. Efúndáyọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dùn jù nínú wọn. Òun ni ìyàwó kejì baálé ilé. Ògúnbùnmi ni ìyálé rẹ̀, obìnrin tó mọ iṣẹ́, tó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Bí a ṣe ń pọn ọtí náà, ọ̀nà ni wọ́n ń pè é nínú ilé yìí: iye ọjọ́ tí àgbàdo yóò lò nínú omi, iye ọjọ́ tí yóò fi hù lábẹ́ ewé, iye ọjọ́ tí wọn yóò fi sá a sóòrùn, àti iye igbá omi tí yóò wọ ìkòkò. Èèwọ̀ ni kí wọ́n fi ẹnu sọ ọ́. Wọ́n ní ọtí tó bá gbọ́ àṣírí ara rẹ̀ yóò kan. Ara orógùn ni wọ́n ń kọ ọ̀nà náà sí, ilà gígùn fún ọjọ́, ilà kúkúrú fún igbá omi, bí ẹni kọlà fún ọmọ. Ẹni tó ń pọn ọtí yóò máa fi ìka wá ilà náà bí iṣẹ́ ti ń lọ. Orógùn kan ṣoṣo ni ilé náà sì ní. Òkè ààrò ni wọ́n ń fi í há, kí èéfín má jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́.

Nígbà tí Efúndáyọ̀ ń múra àtifa ọmọ rẹ̀, Ọyádùnní, fún ọkọ ní Kájọlà, ó gé igi mìíràn, ó jókòó sẹ́yìn ilé, ó sì ń kọ ilà orógùn ilé sí i lára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ògúnbùnmi bá a níbẹ̀.

"Ìyàwó, kí lo ń ṣe yẹn?"

"Orógùn ni, ìyálé mi. Ẹrù ìyàwó ni."

"Orógùn kì í ní orogún. Àbí èmi nìkan ò tó ọ ní orogún, tí o fi ń wá òmíràn fún igi?"

Efúndáyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ orogún mi, ọjọ́ tí ara mi ò yá, ta ló bá mi ro ìkòkò?"

Ìyálé kàn mi orí, ó sì wọlé lọ.

Efúndáyọ̀ kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Kí Ọyádùnní tó lọ, ó ní kó di ojú, kó fi ìka ka orógùn tuntun náà, kó sì pọn ọtí láìbi ẹnikẹ́ni. Nígbà tó tọ́ ọ wò tó rí i pé adùn rẹ̀ pé, ni ó tó gbà pé orógùn náà jẹ́ orógùn. Lọ́dún kan lẹ́yìn tí Ọyádùnní ti lọ, tí ìkùukùu kò jẹ́ kí oòrùn mú, Efúndáyọ̀ rí i pé ó yẹ kí àgbàdo tó hù náà lo ọjọ́ mẹ́rin nínú oòrùn dípò mẹ́ta. Ó fi ilà kan kún ti ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ọ̀bẹ, ó kọjú sọ́nà Kájọlà.

"Ìyàwó, níbo lò ń gbé ọ̀bẹ lọ?" ni ìyálé bi í.

"Mo fẹ́ lọ kọlà fún ọmọ mi ni."

Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní gbogbo ìrìn yẹn nítorí ilà kan.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Kábíyèsí tó ni ilẹ̀ ìlú méjèèjì pàṣẹ pé kí wọ́n dá ọjà tuntun sílẹ̀ sí ìkóríta tó wà láàárín wọn. Ilé Ọlọ́tí ni ó ní kó fi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ṣí i. Bí ọtí wọn bá dára, ẹnu ọjà ni wọn yóò máa jókòó sí, àwọn àti ọmọ wọn títí láé. Bí kò bá dára, ilé mìíràn yóò gba àyè náà.

Ó ku ọgbọ̀n ọjọ́ kí ọjà náà ṣí ni iná ẹ̀ẹ̀rùn ràn mọ́ ilé ìpọntí. Kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò dá orógùn sí. Àwọn obìnrin náà gbìyànjú àtipọn ọtí láìsí i. Ọ̀kan fi ìka júwe ọjọ́ mẹ́ta fún àgbàdo nínú omi, òmíràn fi júwe méjì. Efúndáyọ̀ pàápàá na ìka, ìka kò rí nǹkan kan dì mú. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ ọ̀nà náà, orí rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kejìlá, ọtí náà kan débi pé ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó yí padà.

Ògúnbùnmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìyàwó," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, "orogún igi yẹn, ṣé ó ṣì wà láyé?"

Efúndáyọ̀ kò dúró jẹun. Ó bá Ọyádùnní nídìí ìkòkò ní Kájọlà, ó gba orógùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ìka wá ilà oòrùn. Ó kà á lọ́kàn: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ẹ̀kẹrin wà níbẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́," ni Ọyádùnní wí. "Ẹ̀rù kí ló bà yín?"

Efúndáyọ̀ wo orógùn náà kọ òmíràn, ó sì gbé e padà wá sílé. Láti ọjọ́ náà, ìkòkò ń hó ní ìlú méjèèjì.

Lọ́jọ́ ọjà, Ògúnbùnmi àti Efúndáyọ̀ ru ọtí, wọ́n mú orógùn lọ́wọ́, wọ́n gba ọ̀nà Òkè-Ìyeyè wá. Ọyádùnní náà ru tirẹ̀, ó mú orógùn lọ́wọ́, ó gba ọ̀nà Kájọlà. Wọ́n pàdé níwájú Kábíyèsí. Ọba mu igbá kan, ó mu èkejì, ó sì tún padà sí ti àkọ́kọ́.

"Inú ìkòkò kan náà ni ẹ ti bù ú," ni ọba wí. "Èwo nínú ọ̀nà méjèèjì yìí ló gbé e wọ ọjà?"

Efúndáyọ̀ kúnlẹ̀, ó sì gbójú wo Ògúnbùnmi. Ó ń retí kí ìyálé rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí òun ni àgbà. Ògúnbùnmi wo orógùn méjèèjì tó ní ilà kan náà, ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀, ó sì fún ọba lésì. Ẹnu ọjà ni ilé wọn jókòó sí láti ọjọ́ náà, èsì yẹn sì ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n fi ń pòwe títí di òní: Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.