Tabandé àti Ohùn Tó Fi Tọrẹ Láìmọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti fi ohun tó níye lórí jù lọ́wọ́ rẹ̀ tọrẹ rí, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, láìmọ̀ pé òun ti fi í tọrẹ? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ kú ìjókòó ná, ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ẹni tó gbọ́mọ pọ̀n, kó so ọ̀já rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó gbé nǹkan kaná, kó dín iná rẹ̀ kù, nítorí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í jẹ́ kí ènìyàn fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ óò gbọ́ nípa ohùn tó kúrò lọ́fun olóhùn ní ọ̀sán gangan, ẹ óò gbọ́ nípa òpó iyọ̀ tó ti jẹ́ ènìyàn rí, ẹ óò sì gbọ́ nípa ààfin kan tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àlejò níwájú oúnjẹ.

Ní ilẹ̀ Ìráànì, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ju ohun tí rédíò ń sọ nípa rẹ̀ lọ, abúlé kan wà ní etí aṣálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Golibágì. Àwọn ará ibẹ̀ ń mọ ilé ṣóńṣó gíga sórí òrùlé wọn, kì í ṣe láti fi ṣọ́ ọ̀tá, bí kò ṣe láti fi mú atẹ́gùn bí ẹni ń mú ẹyẹ, kí wọ́n sì darí rẹ̀ wá sínú yàrá. Wọ́n ń gbẹ́ ọ̀nà omi gba abẹ́ ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè tó jìnnà réré títí dé inú àgbàlá wọn. Wọ́n ń fi ṣúgà há eyín kí wọ́n tó mu tíì, wọ́n sì ń fún omi olóòórùn dídùn lára òdòdó láti fi wọ́n ọwọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbé orúkọ Golibágì jáde ni iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fojú èyí tí ẹ̀rọ ń hun wò ó o. Èyí tí mò ń wí yìí, ìka ni wọ́n fi ń ta kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí òfì, irun àgùntàn tí wọ́n ti fi èèpo èso àti gbòǹgbò igi pa láró, kókó tó pọ̀ bí iyanrìn, débi pé ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan lè ti dàgbà tó ẹni à ń rán níṣẹ́ kí wọ́n tó gé e kúrò lórí òfì. Ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà ṣe é yà mí lẹ́nu: ẹnì kan á jókòó, á máa fi orin ké àwòrán tí wọ́n fẹ́ hun sókè, ẹni tó ń hun á máa fi ọwọ́ tẹ̀ lé ohùn rẹ̀, "Pupa méjì, aró kan, fo ọ̀kan, ewé mẹ́ta, padà sí pupa," bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Obìnrin méjì kan wà níbẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Feruzé, òun ló ń hun. Àbúrò ń jẹ́ Tabandé, òun ló ń ké e. Tabandé ohùn oyin, Tabandé ohùn tó tutù bí omi àmù, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti la ẹnu, àwọn adìyẹ àgbàlá á dúró gbọ́. Àwòrán tí wọ́n ń hun kò sí lórí ìwé kankan. Ìyá wọn tó ti dolóògbé ló kọ́ Tabandé lórin, láti ẹnu sí etí, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n. Ọdún méjìlá ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀, mọ́ṣáláṣí abúlé wọn ni wọ́n sì fẹ́ tẹ́ ẹ sí lọ́jọ́ Náòrúùsì, ìyẹn ọdún tuntun tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí òtútù bá kúrò nílẹ̀. Ó kù bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kí iṣẹ́ náà parí nígbà tí ojú Feruzé, ojú tó ti ń wo òwú tín-ín-rín láti kékeré, fọ́ pátápátá. Lọ́jọ́ náà, ó ń fi ọwọ́ pa iṣẹ́ náà lára bí ẹni ń pa ọmọ lára.

Ó ní, "Tabandé, ìwọ ni ojú mi báyìí. Má jẹ́ kí n lọ bá ìyá wa kí n tó parí rẹ̀."

Tabandé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, títí dé kókó tó kẹ́yìn, mi ò ní dákẹ́ fún yín."

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà bọ̀wọ̀ fúnni ní ilẹ̀ náà. Bí o bá yin aṣọ ọrùn ẹnì kan, á ní kò tó nǹkan, tìrẹ ni, máa mú un lọ. Bí o bá bi oníṣọ́ọ̀bù ní iye ọjà, á ní ọ̀fẹ́ ni fún ọ. Ìwọ náà á kọ̀, á tún fi lọ̀ ọ́, wàá tún kọ̀, nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta ni òótọ́ ọ̀rọ̀ á tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn. Àwa náà tí à ń pe ẹni tó ń kọjá lọ pé kó wá jẹun, tí iṣu inú àwo kò ju ẹyọ mẹ́ta lọ, ṣé a kì í retí kó dáhùn pé kó gba ibi ire ni? Ọ̀yàyà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ eré náà nìkan ló ṣeé bá ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan tó fi aṣọ aláwọ̀ ewé bora wọ àgbàlá wọn, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Wọ́n fún un ní tíì, ó jókòó sẹ́bàá adágún kékeré inú àgbàlá, ó ń gbọ́ bí Tabandé ṣe ń ké àwòrán, kò sì sí ẹni tó ṣàkíyèsí pé kò ní òjìji. Nígbà tí orin dúró, ó ní òun kò gbọ́ ohun tó dùn tó ohùn yìí rí láti ìgbà tí òun ti ń bẹ. Tabandé gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba, ó sì ṣe bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó ní, "Kò tó nǹkan tí à ń fún yín. Tiyín ni, ẹ máa mú un lọ."

Obìnrin náà ní, "Mo gbà." Ó dìde. "Bí o bá wá mi, orísun omi yín ni ilé mi, lẹ́yìn aṣálẹ̀ iyọ̀." Ó sì bọ́ sínú adágún, omi náà kò mì.

Tabandé fẹ́ kígbe, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Feruzé ń pè é, ó ń pè é, títí tó fi na ọwọ́ kan ọ̀fun àbúrò rẹ̀ tó sì yé e. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìwọ náà kúkú lọ́yàyà jù. Ọjọ́ tí olè bá wọlé wa, wàá bá a di ẹrù." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n sunkún. Wọ́n gbìyànjú pé kí Tabandé máa fi ìka tẹ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìlà kan gbà wọ́n láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó sì wọ́ bí ọ̀nà ejò, wọ́n ní láti tú u. Láti ọjọ́ náà ni ara Tabandé kò ti balẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á lọ sẹ́nu ọ̀nà, á padà. Náòrúùsì ku ogún ọjọ́. Ó wé gèlè rẹ̀, ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n gba ilé Baba Yadúlà lọ, àgbàlagbà tó ń tún ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe.

Funfun ni baba yìí máa ń wọ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Ó máa ń sọ fáwọn ènìyàn pé bí ilẹ̀ bá wó lu òun, kò sí ẹni tí yóò máa wá aṣọ òkú kiri. Nígbà tí Feruzé ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un tán, ó wo Tabandé títí. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tí kò lè kígbe kò yẹ kó wọ abẹ́ ilẹ̀." Tabandé bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e síwájú baba náà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò tó wọ ọ̀nà omi lẹ́yìn ilé rẹ̀. Baba kùn, ó gbé fìtílà, ó tẹ̀ lé e dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ ìpè kankan lórí iyọ̀, ó sì gbàdúrà fún un níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rìn nínú omi tó dé orúnkún, lábẹ́ ilẹ̀ tó ń dún bí ikùn ẹran. Nígbà tó jáde, aṣálẹ̀ iyọ̀ ló bá pàdé, funfun láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, òpó iyọ̀ sì dúró káàkiri lórí rẹ̀, ọ̀kan na ọwọ́, ọ̀kan yí ọrùn padà, gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀. Ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ ń fi ohùn ẹni tí a fẹ́ràn pe ènìyàn lórúkọ, ẹni tó bá sì jẹ́ ẹ kò tún gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Feruzé tó ń sọ pé iṣẹ́ ti jóná, pé kó máa bọ̀. Tabandé gbàgbé gbogbo ìkìlọ̀, ó la ẹnu pé "èmi nìyí," ṣùgbọ́n kò sí ohùn tó lè fi jẹ́ ẹ. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá: ohun tó ti ń fi omijé bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kí ló dé tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ òun, àìsí rẹ̀ ló gbà á là níbẹ̀. Ó rìn kọjá láàárín àwọn tí wọ́n ní ohùn.

Lẹ́yìn iyọ̀ ni òkè wà, lábẹ́ òkè ni ààfin ayaba àwọn ìwin wà, omi ni ògiri rẹ̀, omi ni àjà rẹ̀. Wọ́n gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì tó pọ́n bí wúrà síwájú rẹ̀, pẹ̀lú ẹran àgbò tó ń yọ́ kúrò lára egungun. Tabandé, ẹni tí kò jẹun gidi láti ọjọ́ méje, gbé ọwọ́ lé àyà, ó mi orí díẹ̀, bí ọmọlúàbí ilẹ̀ wọn ṣe ń ṣe kí wọ́n tó tún lọ̀ ọ́. Wọ́n gbé oúnjẹ náà lọ. Ó rò pé wọ́n máa padà wá. Ta ní ń padà wá? Ní ọjọ́ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tún gbé e lọ. Ní ọjọ́ kẹta, orí rẹ̀ ti ń mì kó tó mọ̀, àwo sì ti ń lọ lẹ́nu ọ̀nà; obìnrin pẹ̀lẹ́ yìí sáré, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àwo mú, ó sì jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán. Kò sí ìwin kankan tó rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí ebi bá ń pa ló ń jẹun.

Nígbà náà ni wọ́n mú un dé iwájú ayaba. Obìnrin aláṣọ ewé náà ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Láti ọ̀fun rẹ̀ ni ohùn Tabandé ti ń jáde láìdúró, "Pupa méjì, aró kan, fo ọ̀kan," yálà ó jókòó tàbí ó dùbúlẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ìwọ lo fún mi. Kò sí orin nílẹ̀ wa rí, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sinmi, ó ń pe nǹkan kan tí n kò ní. Kí ló ń wá?"

Tabandé kúnlẹ̀, ó di wájawàja etí aṣọ ewé náà mú, ó sì ń ta kókó bí ohùn náà ṣe ń ké e, pupa tí kò sí, aró tí kò sí, ìka rẹ̀ nìkan. Bó ṣe ń ta á, ohùn náà ń rọlẹ̀. Nígbà tó jáwọ́, ohùn náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké kíkankíkan. Ayaba wo ọwọ́ náà, ó rí i pé kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń hun tẹ́lẹ̀; ó rántí afọ́jú tó wà nídìí òfì lọ́jọ́ náà.

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó o rí," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ mìíràn ló ń pè. Ẹ̀ẹ̀kan là ń sọ̀rọ̀ níbí. Ṣé o fẹ́ ẹ padà?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọwọ́ Tabandé gbéra. Ó ń lọ sí àyà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àánú ayaba ṣe é, gbogbo ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ sì ń sọ fún un pé ta ni yóò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún láìkọ́kọ́ sọ pé rárá, ẹ fi í sọ́wọ́? Ọwọ́ náà ti kan àyà. Ó rí ojú Feruzé níwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì fa ti àkọ́kọ́ wálẹ̀, ó sì la ẹnu rẹ̀ gbàgà bí ọmọ ẹyẹ.

Ohùn náà wọlé. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni, "Mo fẹ́ ẹ. Ẹ ṣeun." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ máa wá gbọ́ ọ nílé wa. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́, òótọ́ sì ni." Ayaba gbé e lé orí omi bí ewé, omi sì gbé e gba abẹ́ iyọ̀ àti abẹ́ ilẹ̀, ó jù ú sókè nínú adágún àgbàlá wọn ní òwúrọ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́ta sí Náòrúùsì. Feruzé gbọ́ ìró omi, ó bèèrè pé ta nìyẹn. Inú omi tó dúró sí náà ni Tabandé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké ìlà tí wọ́n bá a dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń táràrà wá ìdí òfì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rí kọ́ níbẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ ọlọ́yàyà, kí ẹ sì kọ́ ọmọ yín ní ọ̀yàyà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ohun tí Ọlọ́run fi sí yín lára ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀bùn ẹni kì í ṣe tẹni nìkan. Àwọn ọwọ́ kan wà níbì kan tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Bí àsìkò bá sì tó láti sọ pé "mo fẹ́," ẹ sọ ọ́, ẹ má dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi dìde nídìí òfì bí kò ṣe láti kírun, láti jẹun àti láti sùn díẹ̀. Ní òwúrọ̀ Náòrúùsì, bí wọ́n ṣe ń gbá iwájú mọ́ṣáláṣí, Feruzé fi ìka wá etí iṣẹ́ náà, ó kan òwú kan ṣoṣo tí kò tíì ní kókó, ó sì dúró. Ohùn Tabandé ti há, ètè rẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó tẹ̀ sí etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ké kókó tó kẹ́yìn fún un.