Adìẹ Tí Wọ́n Fi Wọn Ẹsẹ̀ Ìjì

Ọkùnrin kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ẹnu aládùúgbò lọ. Kí wọ́n tó sọ pé ó ń bọ̀, ó ti kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé búrẹ́dì láti ilé búrẹ́dì lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, àwo ńlá lórí, kí búrẹ́dì náà tó tutù. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Ìjì. Bó bá ti yọ ní ìkóríta báyìí, ariwo á ta: "Ìjì ń bọ̀ o! Ẹ di aṣọ yín mú!" Á rẹ́rìn-ín, á tún fi kún eré.

Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ ìlú, wọ́n máa ń sáré ìje láti ààfin dé odò. Ìjì ló máa ń ṣe ipò kìíní. Àgbò ni wọ́n máa ń fi ta á lọ́rẹ, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, kì í ṣe àgbò yẹn ló dùn mọ́ ọn jù. Ariwo yẹn ni! Orúkọ rẹ̀ lẹ́nu gbogbo èèyàn!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnìkan kí i láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìjì gbójú sókè, ó juwọ́ sí i. Gọ́tà ò sì mọ ẹni tó ń juwọ́. Búrẹ́dì gba ọ̀tún, Ìjì gba òsì, eegun ojúgun rẹ̀ dún kàù bí igi gbígbẹ.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń to eegun tó bá ṣẹ́. Atoegun ni gbogbo ìlú ń pè é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyí: bí ẹsẹ̀ rẹ bá ṣẹ́, wàá mú adìẹ kan wá. Bàbá á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ náà, á sì tò ó bó ṣe to tìrẹ gẹ́lẹ́. Òrí kan náà, ewé kan náà, oparun kan náà, aṣọ kan náà. Ìwọ àti adìẹ á jọ máa gbé inú ọgbà Bàbá. Lọ́jọ́ tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ yẹn walẹ̀ wá kòkòrò, ọjọ́ yẹn nìwọ náà lè fi tìrẹ tẹlẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, jókòó jẹ́ẹ́.

Àkùkọ kékeré kan ni ìyàwó Ìjì mú wá, funfun, tó ní àmì dúdú lọ́rùn. Ogbe orí rẹ̀ ò tíì hù dáadáa.

Ẹ wá wo nǹkan! Ọkùnrin tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni wá ń dúró de adìẹ. Láti àárọ̀ dalẹ́, ojú rẹ̀ ò kúrò lára rẹ̀. Bí àkùkọ bá mira, Ìjì á mira. Bí àkùkọ bá sùn, Ìjì á bú u. Nígbà tó yá, èébú tán, ó di ẹ̀bẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì, ó bá ọkọ rẹ̀ tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú àkùkọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fi tẹlẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ péré. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Bàbá Ìbídùn! Ta lẹ̀ ń pè ní ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣé o rí ẹlòmíì níbí ni?"

"Èmi tí ẹ fẹ́ sílé, ẹ ò sọ 'ẹ jọ̀ọ́' fún mi rí o. Àbí kí n lọ ṣẹ́ ẹsẹ̀ kan ni?"

Ọjọ́ ìlú ń sún mọ́lé. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà, télọ̀ ni, òun ló máa ń ṣe ipò kejì lẹ́yìn Ìjì. Òun ni wọ́n wá ń hó fún báyìí. Ìjì rí i nínú fídíò lórí fóònù: télọ̀ ń sáré gba ìkóríta kọjá, àwọn èèyàn ń pariwo, "Ìjì tuntun! Ìjì tuntun!" Ó wo fídíò yẹn, ó tún un wò, títí bátìrì fi kú. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: bí mi ò bá sáré lọ́dún yìí, wọ́n á gbàgbé mi. Ta ló ń pe ẹni tó jókòó ní Ìjì?

Ó ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tí ẹnu rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá.

"Adìẹ yìí ni ìṣòro mi," Ìjì sọ fún un. "Bàbá ò ní tú ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ àfi bó bá rìn. Lọ bá mi wá òmíì tó jọ ọ́, tí ara rẹ̀ le."

"Ọ̀rẹ́, ṣé wàhálà ò ní tìdí ẹ̀ yọ?"

"Wàhálà wo? Ṣé adìẹ á rojọ́ ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Atoegun lọ já ewé lóko. Ọ̀rẹ́ dé, ó gbé adìẹ funfun kan sínú àpò símẹ́ǹtì. Àmì dúdú wà lọ́rùn rẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n tú oparun lẹ́sẹ̀ ti àkọ́kọ́, wọ́n dì í mọ́ tuntun lẹ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ sì gbé èyí tó ń tiro sápò, ó di ilé. Gbogbo ẹ̀ ò pẹ́ rárá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá bá adìẹ níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì walẹ̀, tí eruku ń sọ. Oparun ti já bọ́.

"Háà! Ó ti yá?" Bàbá wo adìẹ, ó wo Ìjì, ó tún wo adìẹ. "Òrí tọdún yìí mà dáa o."

"Ọwọ́ yín ni, Bàbá! Ọwọ́ yín ni ò láfiwé!"

"Ó dáa. Lọ́la, màá tú tìrẹ. Wàá dìde."

Inú Ìjì dùn débi tó ń kọrin. Ó ní kí ìyàwó òun lọ gbé bàtà eré òun wá. Eegun inú aṣọ yẹn ò sì tíì so pọ̀ o! Bàbá ti kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé bó bá fi gbogbo ara lé e kó tó jiná, á tún ṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kejì náà sì lè má ṣeé tò mọ́ láéláé. Ìjì rántí. Ó kàn gbé ohùn orin sókè sí i ni, kó má baà gbọ́ ọkàn ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo èèyàn ló pé sí ọgbà. Ìyàwó rẹ̀ gbé bàtà dání, ọ̀rẹ́ dúró lẹ́bàá géètì, àwọn aláìsàn yòókù gbé apá àti ẹsẹ̀ tí wọ́n dì jáde wá wòran. Bàbá kúnlẹ̀ síwájú Ìjì. Ó tú kókó àkọ́kọ́. Ó tú ìkejì. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ìkẹta nígbà tí ariwo kan ta lẹ́yìn ìkòkò omi, irú ariwo adìẹ tí gbogbo ẹni tó ń sin adìẹ mọ ìdí ẹ̀.

Bàbá dìde. Ó lọ sẹ́yìn ìkòkò. Nígbà tó padà dé, ẹyin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì gbóná.

"Ìyá Ìbídùn, adìẹ wo lo mú wá fún mi?"

"Àkùkọ ni, Bàbá."

"Àkùkọ." Bàbá gbé ẹyin sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. "Mo ti to eegun fún àgbà, mo ti to eegun fún ọmọdé. Irú èyí ò ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Ẹsẹ̀ ni mo tò fún un o, ó ti di ìyá ọmọ!"

Ha! Ọgbà dàrú. Ọkùnrin kan tí apá rẹ̀ ṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo "apá mi o," ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Ìjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ìjì fẹ́ le ojú, kò ṣeé ṣe, ẹ̀rín gbé òun náà lọ. Ọ̀rẹ́ ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí géètì.

"Ìwọ, padà wá," Bàbá pè é. "Àkùkọ mi dà?"

"Bàbá… a ti jẹ ẹ́."

"Àtẹsẹ̀ tí mo tò?"

"Ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló dùn jù, Bàbá. Òrí ti wọ̀ ọ́."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun Ìjì, jẹ́jẹ́. Ìjì ké. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá di àwọn kókó tó ti tú padà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mi ò ní ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ mìíì nítorí tìẹ," ó ní. "Kò sóhun tí màá fi wọn ẹsẹ̀ yìí mọ́."

"Kí la máa wá ṣe, Bàbá?"

"Ìwọ ni adìẹ."

"Ẹ̀n?"

"Ìwọ gan-an. Adìẹ kì í purọ́ fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bó bá dùn ún, á ká a sókè. Bí kò bá dùn ún mọ́, á gbé e sílẹ̀. Kò bìkítà bóyá èèyàn ń wò ó. Lọ máa ṣe bẹ́ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, bí ìyàwó rẹ̀ bá ti wọlé, ìkíni rẹ̀ ni: "Àkùkọ mi, ṣé ẹ jí dáadáa?" Ìjì á sì kọ bí àkùkọ fún un.

Ọjọ́ ìlú pé. Wọ́n gbé Ìjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí ọ̀nà. Nígbà tí télọ̀ yọ níwájú gbogbo wọn, Ìjì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n dì. Ó wá fi ọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó kígbe ju gbogbo wọn lọ: "Ìjì ń bọ̀ o! Ẹ di aṣọ yín mú!" Télọ̀ gbọ́ ohùn yẹn, ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín sí i.

"Má wò mí!" Ìjì pariwo. "Wo ọ̀nà! Gọ́tà wà níwájú ẹ!"

Télọ̀ gba àgbò. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé itan kan wá fún Ìjì, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́.

Oṣù ń gorí oṣù. Ìjì ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, bó bá dùn ún, á ká a sókè. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó dé ìdí kànga. Lọ́jọ́ tó wọ ṣòkòtò lórí ìdúró láìdi ògiri mú, ó pe ìyàwó rẹ̀ láti ilé ìdáná kó wá wò ó, àfi bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Ìjì padà sí ilé búrẹ́dì. Búrẹ́dì tó ń gbé ò pọ̀, kì í sì í sáré, ó ń rìn ni. Àwọn obìnrin tó ń ta nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

"Ẹ wá wò ó o, Ìjì ti di afẹ́fẹ́ yẹ́ẹ́!"

"Afẹ́fẹ́ yẹ́ẹ́ ló ń tu èèyàn lára," á dá wọn lóhùn. "Kí ni ìjì ń fún èèyàn? Ó ń ṣí òrùlé yín." Ọ̀rọ̀ wọn ò dùn ún mọ́.

Láàárọ̀ kan, ó gbé àwo búrẹ́dì lórí, ọ̀rá tó fi ń bò ó wà nílé torí ojú ọ̀run mọ́. Ló bá di pé òjò dé lójijì, òjò ńlá, kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ìjì ò rò ó. Ó di àwo mú, ó gbéra. Ìgbà tó dé abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù, tó sọ búrẹ́dì kalẹ̀, tó ń nu ojú, ó rí i pé obìnrin oníṣọ́ọ̀bù la ẹnu sílẹ̀.

"Bàbá Ìbídùn… ẹ sáré o."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin kẹ̀! Ẹ sáré wọ ibí!"

Ìjì wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀. Kò dùn ún. Ó tún jáde sínú òjò, ó sá padà lọ síbi tí òjò ti bá a, kó lè dá a lójú, ó sì tún sá bọ̀. Aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń wọ ẹnu rẹ̀. Àwọn tó sá wọ abẹ́ òrùlé pàtẹ́wọ́ fún un. Kò tiẹ̀ gbọ́ wọn.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, bóyá tìrẹ kì í tiẹ̀ ṣe ẹsẹ̀. Bóyá àìsàn ló dá ẹ dúró, bóyá ikú ẹni tó o fẹ́ràn ni, bóyá iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ. O ti ń wo àwọn ẹlòmíì tó ń kọjá, ara ń ta ẹ́. O lè ya fọ́tò tó rẹwà, kó o gbé e sórí fóònù pé o ti gbéra, kí gbogbo ayé kí ẹ kú oríire. Wọ́n á gbà ẹ́ gbọ́. Eegun ò ní gbà ẹ́ gbọ́. Òun nìkan lo ò lè tàn, òun náà ló sì máa gbé ẹ. Nítorí náà, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, kó o sì gba ohun tó bá sọ. Bó bá ní dúró, dúró, jẹ oúnjẹ rẹ, bá àwọn ará ilé rẹ ṣàwàdà. Bó bá ní ó yá, má bẹ̀rù, gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Lónìí, bó o bá dé ẹnu ọ̀nà péré, ó ti tó.