Àwẹ̀ró àti Òfin Orí Òkè Kẹta

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ yín sílẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ ó rí òkè tí ń bọ́ aṣọ lára ènìyàn, ẹ ó rí iwin tí ojú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó sì rí ọmọbìnrin kan tí ó pọn ẹni tí ó kórìíra sẹ́yìn tí ó ń bú u títí dé ẹnu ibodè. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín jẹ: inú ń bí mi bí mo ti jókòó yìí, kò sì ní í rọ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rín nìkan ló bá wá, kí ó máa lọ sílé.

Lẹ́yìn ìlú Arókè, òkè mẹ́ta ló tò tẹ̀léra wọn. Lọ́dọọdún ni àwọn sárésáré ìlú náà máa ń gun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọn a sì yí padà wálé láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo: wọn a gbéra ní ìdájí, olúkúlùkù pẹ̀lú omi, oúnjẹ, aṣọ òtútù àti fèrè nínú ẹrù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọn a sì ti ibodè ìlú nígbà tí òjìji àpáta ńlá ẹ̀gbẹ́ odi bá kan ìdí igi ìrókò ẹnu ibodè. Ẹni tí ó bá wọlé kí ibodè tó tì, wọn a so ìlẹ̀kẹ̀ pupa mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ nìkan ló sì lè sọ̀rọ̀ níwájú ọba lórí ohun tí ó bá kan eré náà. Ẹni tí ó bá rú òfin, wọn a já ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, wọn a kan pákó dí ilẹ̀kùn iwájú ilé rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni yóò máa gbà wọlé títí yóò fi kú, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sì gbé òkú rẹ̀ gbà jáde. Ẹni tí ó sì ń sọ ohun tí í ṣe òfin ni Olóyè Lágbàyí, Lágbàyí ọlọ́lá orí àga, afìka-júwe-òkè, ajókòó-ṣòfin-fún-ẹlẹ́sẹ̀, ọkùnrin tí kò gun òkè kan rí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí i.

Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, sárésáré kan tí ń jẹ́ Ọdẹ́wálé bá sárésáré ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ejò bù jẹ lórí òkè kejì, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì gbé e wálé láàyè. Dípò kí wọ́n kí i, Lágbàyí dìde ó ní, “Sárésáré kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sárésáré ẹgbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sára àpáta orí òkè kẹta.” Wọ́n já ìlẹ̀kẹ̀ Ọdẹ́wálé, wọ́n kan pákó mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú gbogbo ìlú tí ó ní òun fẹ́ lọ wo àpáta náà. Ọmọ ọwọ́ ni Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ nígbà náà.

Àwẹ̀ró dàgbà, àìsàn sì mú bàbá rẹ̀ ní àyà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ọkùnrin náà pè é sí ẹ̀gbẹ́ ẹní, ó ní, “Ọmọ mi, ikú kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn yóò gbé mi gba ẹ̀yìnkùlé, bí ẹni ń da ìdọ̀tí nù.” Àwẹ̀ró kò sunkún. Inú bí i, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì búra pé bàbá òun yóò gba iwájú ilé jáde kí ó tó kú.

Ó kọ́kọ́ lọ sí ilé Lágbàyí, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, mo fẹ́ sá eré ọdún yìí. Kí ni àwọn òfin rẹ̀?”

“Ọmọ ẹlẹ́yìnkùlé ló ń bèèrè òfin!” ni Lágbàyí wí. “Má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, má sì pẹ́. Ó tán.”

“Ṣé ẹ ti fojú ara yín rí àpáta náà, bàbá?”

“Àwọn tó jẹ oyè yìí kí n tó jẹ ẹ́ ló sọ fún mi.”

Àjàgbé, ẹni tí ó ti gba ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún, wà níbẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí Àwẹ̀ró lọ máa po àgbo fún bàbá rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ọkùnrin kan fi òfin tí kò kà rí ba ayé ọmọlúàbí jẹ́, ó sì ń jẹun yó, ó ń sùn, ó ń hanrun! Ẹ ní kí inú má bí mi?

Oṣù mẹ́ta ni Àwẹ̀ró fi gbaradì. Ó ń ru agbọ̀n òkúta gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rin orí òkúta wẹ́wẹ́ títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi yi, ó sì kọ́ bí a ti ń mu omi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́wàá, ó di ẹrù rẹ̀, ó fi aṣọ funfun kan àti osùn sí i, ó lọ wá òfin náà fúnra rẹ̀. Ní òkè kìíní, ìjì dìde, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fẹ́ bọ́ ìró rẹ̀ pẹ̀lú, Àwẹ̀ró sì fi ikùn wọ́ kọjá. Ní òkè kejì, àwọn ohùn kan ń dárúkọ rẹ̀ láti inú kànga gbígbẹ, wọ́n ní kí ó wá mu omi, ṣùgbọ́n kò yà. Ní ẹsẹ̀ òkè kẹta ni iwin kan gbé dìde dúró níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sí lórí, àtẹ́lẹwọ́ ló wà, ó sì na ọwọ́ méjèèjì wo inú ẹrù rẹ̀ fínnífínní.

“Omi wà. Aṣọ òtútù wà. Oúnjẹ wà. Fèrè dà, ọmọ aráyé?”

“Ọjọ́ eré kọ́ ni òní,” ni Àwẹ̀ró dáhùn.

“Òkè kò mọ ọjọ́ eré. Padà lọ mú un.”

Àwẹ̀ró bú iwin náà, ó bú ìyá tó bí i, ó sì padà rin gbogbo ọ̀nà náà lọ mú fèrè wá. Nígbà tí ó dé ní ọjọ́ kejì, ó ju fèrè náà sí ọwọ́ iwin, ó ní, “Gbà! Kí ni a ń fi í ṣe gan-an?”

Iwin náà rẹ́rìn-ín. “Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń mú fèrè kọjá lọ́dọ̀ mi, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè. Bí ènìyàn bá ṣubú sínú kòtò, òun ni yóò fi ké sí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹni tí ń bọ̀ kò bá gbọdọ̀ dúró, kí ni a ó fi fèrè ṣe?”

Ọ̀rọ̀ náà gún Àwẹ̀ró láyà. Ó sáré gun orí òkè, ó yí àpáta náà po dé ìhà kejì, níbi tí àwọn sárésáré kì í ní àyè láti dé, ó sì rí i tí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta ní lẹ́tà gàdàgbà: *Ẹni tí ó bá gbọ́ fèrè, kí ó dúró. Kí ó gbé ẹni tí ó ṣubú wálé. Ẹ kò gbọdọ̀ ti ibodè mọ́ àwọn méjèèjì.* Nígbà náà ni ó wá sunkún, ẹkún ìbínú, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu àpáta, ó ń ka ọdún mọ́kàndínlógún náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ó tẹ́ aṣọ funfun náà sára àpáta, ó fi osùn pa á títí gbogbo lẹ́tà fi jáde, ó sì ká a sínú ẹrù rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó mọ̀ pé láìní ìlẹ̀kẹ̀ kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kí òun la ẹnu.

Ọjọ́ eré pé. Àwẹ̀ró sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ní àbọ̀, bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kìíní, tí ó rí igi ìrókò lókèèrè, tí ó sì mọ̀ pé òun yóò wọlé kí òjìji tó kàn án, ó gbọ́ fèrè. Ó wo inú kòtò, ó rí Àjàgbé tí itan rẹ̀ ti ṣẹ́. Ènìyàn mẹ́rin ló ti gbọ́ fèrè náà tí wọ́n sì ti kọjá.

Àwẹ̀ró náà kọjá. N kò ní parọ́ fún yín. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ó ń rò pé bí òun bá wọlé, òun yóò gba ìlẹ̀kẹ̀, òun yóò sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn bàbá òun yóò sì ṣí. Ní ẹsẹ̀ kẹwàá, aṣọ funfun tí ó wà nínú ẹrù rẹ̀ wúwo ju òkúta tí ó fi gbaradì lọ. Ó yí padà, ó bọ́ sínú kòtò, ó sì gbàgbé pé Àjàgbé fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

“Ọkùnrin burúkú! O ò rí ọjọ́ mìíràn ṣubú?”

“Àwẹ̀ró, èmi ni mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí…”

“Pa ẹnu rẹ dé, kí n má baà jù ọ́ sílẹ̀!”

Ó pọ̀n ọ́n. Ó ń bú u bí ó ti ń lọ, ó bú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bú ìwọ̀n rẹ̀, ó bú ìlẹ̀kẹ̀ tí ń ró ṣìnkìnṣìnkìn ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n dé, ibodè ti tì. Lágbàyí wà lórí odi, ọba jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“O pẹ́, o sì fọwọ́ kan sárésáré,” ni Lágbàyí wí. “Bí bàbá ṣe rí lọmọ náà rí.”

Àwẹ̀ró fa aṣọ náà yọ. “Kábíyèsí, òfin náà nìyí, mo—”

“Ẹni tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀!”

Àwẹ̀ró ń gbọ́ bí àyà Àjàgbé ti ń lù kìkì ní ẹ̀yìn òun. Bí ọkùnrin náà bá panu mọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Nígbà náà ni ọwọ́ kan kọjá lórí èjìká rẹ̀, ó gba aṣọ náà.

“Èmi ní ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún,” ni Àjàgbé wí, ó sì kà á sókè láti orí ẹ̀yìn ẹni tí ó pọ̀n ọ́n, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ọba yíjú sí Lágbàyí. “Ṣé o ti rí àpáta náà rí?”

Lágbàyí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ó dára. Ìwọ ni yóò gun òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́la, kí o lọ kà á wá fún wa. Má gbàgbé fèrè rẹ.”

Wọ́n ṣí ibodè. Àwẹ̀ró kò dúró gba ìlẹ̀kẹ̀. Ó lọ sílé, ó mú àáké, ó la gbogbo pákó ilẹ̀kùn náà wẹ́wẹ́, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ọdẹ́wálé fi ọwọ́ ti ògiri jáde. Ó dúró lójúde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wọlé. Ó tún jáde. Ó tún wọlé. Ẹ̀ẹ̀meje ni ó ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì dúró ti àáké, omi ń dà lójú rẹ̀, inú ṣì ń bí i, nítorí kò sí ẹni tí ó lè dá ọdún mọ́kàndínlógún padà. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni bàbá náà kú, iwájú ilé ni wọ́n sì gbé e gbà.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòfin fún ẹsẹ̀ tí kì í ṣe tiyín, ẹ lọ kà á kí ẹ tó fi ba ilé onílé jẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń sọ fún pé bẹ́ẹ̀ lòfin wí, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, kí ẹ sì lọ wò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ orí òkè kẹta. Bí ẹ bá sì gbọ́ fèrè lọ́nà, ẹ dúró. Kò pọn dandan kí inú yín dùn. Ẹ máa bú ẹni náà bí ẹ ti ń gbé e bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé e.