Gbẹ́rẹ́ Ẹfun Ara Awó

Ẹ gbé ọ̀bẹ wá kí n fi ahọ́n kàn án. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ o, ó ṣẹlẹ̀ ni. Bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan lé e, kí irin ṣe mí lójú ọ̀nà àjò.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ò tíì dáhùn. Ẹni tó bá di ẹnu, kó má retí iṣu tó wà nínú iná yìí. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò wíì. Kò bà lé ọ̀pẹ, kò bà lé ìrókò. Orí Awó ló bà lé. Ó ta sí Òòrẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún lára, ó ta sí Àgbò adènà, ó sì ta sí Adìyẹ aládùúgbò.

Nígbà náà, Awó kì í ṣe ará ìgbẹ́. Ilé ló ń gbé, ní ìlú Abẹ́-Àràbà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti Adìyẹ. Ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Orí rẹ̀ sì kún fún ìyẹ́, ó ń fi í ṣe fáàrí káàkiri.

Àrùn kan wá wọ ìlú. Fúnnilọ́rùn ni wọ́n ń pè é. O wúkọ́ láàárọ̀, ó ti fún ọ lọ́rùn kí oòrùn tó wọ̀. Ó mú ọmọ Ewúrẹ́. Ó mú Pẹ́pẹ́yẹ tọkọtaya. Ẹkún ń sọ nílé yìí, ẹkún ń sọ nílé yẹn.

Àwọn àgbà ìlú ta màrìwò dínà odò. Wọ́n ní kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀. Wọ́n fi Àgbò ṣọ́ màrìwò náà nítorí ìwo rẹ̀.

Òòrẹ̀ bá wá láti òdìkejì odò. Ó gbé ìkòkò kékeré kan dání. Oògùn dúdú tí wọ́n jó ló wà nínú rẹ̀. Òòrẹ̀ á fa ẹ̀gún kan yọ lára òun fúnra rẹ̀, á fi sín ẹni ní gbẹ́rẹ́ lábẹ́ apá, á fi oògùn ra á. Á wá fi ẹfun tọ́ ojú ibẹ̀, tó! Ẹni tó bá ní ẹfun lábẹ́ apá, Àgbò á gbé màrìwò sókè fún un, á kọjá lọ sódò. Ẹni tí kò bá ní, kó padà.

Adìyẹ kan ilẹ̀kùn Awó.

“Ìyá ọlọ́mọ, Òòrẹ̀ dé o. Dìde ká lọ.”

“Ìwọ ti wo inú ìkòkò rẹ̀?”

“Mi ò wò ó.”

“Ta ló bá ọ wò ó?”

“Kò sẹ́ni.”

“O wá fẹ́ lọ na apá sílẹ̀ fún ohun tí o ò mọ̀. Ṣé o ò gbọ́ ni? Ẹni tó bá gba ẹ̀gún Òòrẹ̀, ẹ̀gún á hù lára rẹ̀.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Wọ́n ní.”

“Àwọn wo ni wọ́n?”

“Àwọn tó mọ̀.”

Adìyẹ nìkan lọ. Ó gba gbẹ́rẹ́, ó ké kwẹ́ẹ́, ó padà sílé. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Awó á fo ògiri, á gbé apá Adìyẹ sókè, á máa wá ẹ̀gún níbẹ̀.

“Ẹ̀gún dà?” Adìyẹ á bi í.

“Dákẹ́. Ẹ̀gún tó máa hù kì í kánjú.”

Awó wà nílé. Adìyẹ ló ń bá a pọnmi. Adìyẹ ló ń bá a wá ikán fún àwọn ọmọ, nítorí Awó ṣẹ̀ṣẹ̀ pamọ ni, àwọn ọmọ náà kò sì ju ẹyìn ọ̀pẹ lọ. Awó fẹ́ràn wọn ju ojú lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, á na apá bò wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín sí wọn, á bi ara rẹ̀ pé, kí ni ẹni yìí ń wá?

Òòrẹ̀ tún wá lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà yẹn, àrùn ti ń rọlẹ̀. Ìlú ti ń gbọ́ ẹ̀rín díẹ̀díẹ̀. Òòrẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà Awó, kò wọlé.

“Ìyá ọlọ́mọ, mo kí ọ o. Mi ò ní fipá mú ọ. Àmọ́ àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Bàbá Òòrẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí ìjà gbóná, mi ò gba idà lọ́wọ́ yín. Ṣé nígbà tí ìjà parí ni kí n wá gbà á?”

“Ìjà ò tíì parí. Ó jókòó ni, ó ń sinmi.”

“Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó jókòó sí. Bóyá ẹ̀yin lẹ fún un ní àga.”

Òòrẹ̀ wò ó títí. Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Kò sẹ́ni tó wúkọ́ mọ́. Síbẹ̀ màrìwò wà níbẹ̀. Àwọn ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ní, nígbà tí àrùn wà, ẹ ní ká jókòó. Nígbà tí àrùn ń lọ, ẹ tún ní ká jókòó. Ìgbà wo la máa dìde? Ohun kan sì wà tí gbogbo ojú rí, tí ẹnu ò fẹ́ sọ. Nígbà tí àrùn le, Àgbò rù. Nígbà tí àrùn ń lọ, Àgbò ń sanra. Gbogbo ẹni tó ń lọ sódò ló ń já ewé tútù bọ̀ fún un. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà kò ní fẹ́ kí ọ̀nà là?

Adìyẹ wá sọ fún Awó pé, “Ọ̀rẹ́ mi, apá ń ro mí. Omi ilé méjì ti pọ̀ jù fún mi. Lọ gba gbẹ́rẹ́ kí o máa pọnmi rẹ fúnra rẹ.”

Awó padà sílé. Ó wọ yàrá, ó ronú. Ó lọ ẹfun kúnná. Ó lọ fi àáké ṣá igi ọ̀pọ̀tọ́, ó gba oje rẹ̀, ó pò ó mọ́ ẹfun kí òjò má baà fọ̀ ọ́. Ó tọ́ ọ sábẹ́ apá, tó! Ó fi ẹnu gbé agbè, ó kọrí sódò.

Àgbò wo abẹ́ apá rẹ̀. Ó gbé màrìwò sókè. Awó kọjá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé omi.

Ní ọjọ́ kejì, Àgbò ò gbé màrìwò.

“Ẹyọ kan ti di ti àtijọ́,” ni Àgbò wí. “Gbẹ́rẹ́ méjì ni ìlú ń sín báyìí.”

“Bàbá Àgbò, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Wọ́n ní.”

“Àwọn wo ni wọ́n?”

“Àwọn tó mọ̀. Àmọ́ bí o bá máa já ewé ẹ̀kọ tútù bọ̀, ẹyọ kan yẹn á ṣì tó.”

Awó padà sílé, ó tọ́ ìkejì, tó!

Ní ọjọ́ kẹta, Àgbò ní mẹ́ta ni. Ó ní àwọn ọmọ pàápàá, kí wọ́n lọ gba tiwọn. Inú bí Awó. Ó sáré wọ ilé. Ó ti ìyẹ́ bọ inú ẹfun. Ó tọ́ ọ láyà, ó tọ́ ọ lẹ́yìn, ó tọ́ ọ nírù, tó, tó, tó! Ibi tí ẹnu rẹ̀ ò dé, ó fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó tọ́ wọn láti ọrùn dé ìdí. Ó wá kó wọn síwájú, ó ń kọrin lọ sódò. Ẹ bá mi gbè é:

Àgbò oníwo, gbé màrìwò sókè o,
*Sàràsàrà ẹfun!*
Ẹyọ kan kọ́, ẹyọ méjì kọ́,
*Sàràsàrà ẹfun!*
Òòrẹ̀ sín mi, ó sín mi kún ara,
*Sàràsàrà ẹfun!*
Ó sín ìyá, ó sín gbogbo ọmọ,
*Sàràsàrà ẹfun!*

Àgbò rẹ́rìn-ín títí ó fi fìdí jókòó. Ó ní, “Ẹ wo ọmọ ìlú gidi! Máa kọjá, ìyá ọlọ́mọ.” Ó gbé màrìwò sókè, ìyá kọjá, ọmọ kọjá. Gbogbo ìlú sì gbọ́ orin náà. Ó dé etí Òòrẹ̀ níbi tó wọ̀ sí.

Nírọ̀lẹ́, Awó bá Adìyẹ lẹ́yìnkùlé.

“Wọ́n gún ọ, o ké. Èmi, ta ló gún mi? A sì jọ mu omi odò kan náà.”

Adìyẹ ní, “Omi kọ́ ni mo gba gbẹ́rẹ́ fún.”

Àlejò burúkú kì í dágbére. Ó lè ti jìnnà, kó tún padà wá mú fìlà tó gbàgbé. Fúnnilọ́rùn padà wá mú fìlà rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àkọ́bí Awó wúkọ́ lẹ́bàá odò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Awó ní eruku ni. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ náà ti sùn, kò sì jí.

Awó ò dúró sunkún. Ó kó àwọn tó kù, ó sáré, Adìyẹ sáré tẹ̀ lé e. Wọ́n bá Òòrẹ̀ níbi tó ti ń di ẹrù rẹ̀ láti padà sílé. Oògùn kù díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò.

“Bàbá! Ẹ gbà mí! Ẹ sín àwọn ọmọ mi ní gbẹ́rẹ́ o!”

Òòrẹ̀ wò wọ́n. Funfun tó, tó, tó, láti ọrùn dé ìdí.

“Èmi kọ́ ni mo sín wọn. Ẹlòmíràn ló sín wọn nìyẹn, bí orin rẹ bá tilẹ̀ dárúkọ mi. A kì í sín gbẹ́rẹ́ lórí gbẹ́rẹ́. Oògùn méjì nínú ara kékeré, pípa ni yóò pa á.”

“Irọ́ ni, Bàbá! Ẹfun lásán ni! Kò sẹ́ni tó sín wọn!”

“Lánàá o kọ ọ́ lórin pé òótọ́ ni. Lónìí o ní irọ́ ni. Fọ̀ ọ́ kí n rí i.”

Awó fi omi fọ̀ wọ́n. Kò ṣí. Ó fi iyanrìn ha wọ́n. Kò ṣí. Oje ọ̀pọ̀tọ́ ti gan mọ́ wọn lára. Àwọn ọmọ ń ké. Awó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ orí ara rẹ̀ tu, kí Òòrẹ̀ lè rí awọ. Ó tu ú, ó tu ú, títí orí rẹ̀ fi pá kọrọbọtọ.

“Ẹ wò ó, Bàbá! Ṣé ẹ rí gbẹ́rẹ́ kankan níbí?”

“Mi ò rí i lórí. Ta ni mò ń sín lórí? Abẹ́ apá ni mò ń bi ọ́.”

Awó gbé apá. Funfun ni.

Adìyẹ kúnlẹ̀ sínú eruku. “Bàbá, mo fi ọmọ mi búra, kò gba gbẹ́rẹ́ kankan.”

“Nígbà tó ń tọ́ ẹfun yìí, ṣé o wò ó?”

Adìyẹ mi orí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Mi ò wò ó.”

“Ẹni tó tan Àgbò nítorí omi,” ni Òòrẹ̀ wí, “kí ni kò ní fi tàn mí nítorí ọmọ? Nígbà tí ìkòkò mi kún, o ní èmi ni mo fún àrùn ní àga. Mi ò bínú. Àmọ́ bí mo bá sín wọn tí wọ́n kú, ìwọ kan náà lo máa sọ fáyé pé Òòrẹ̀ ló pa wọ́n.”

Awó fẹ́ sọ pé rárá.  Àmọ́ ó mọ̀ pé òun máa sọ bẹ́ẹ̀ fáyé.

Òòrẹ̀ gbé ìkòkò kọ́ apá. Ó wo ẹfun, ó wo orí pípá, ó wo àwọn ọmọ. Ojú rẹ̀ kò dára. Ó sọ gbólóhùn kan péré, ó sì wọ odò lọ. Láti ọjọ́ náà, Abẹ́-Àràbà kò rí i mọ́.

Àgbò ti gbọ́ pé ẹfun lásán ni. Ó ń bọ̀, ìwo nílẹ̀. Àwọn ará ìlú ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ké pé, “Ẹ lé e! Òun ló fún àrùn láyè!” Awó kó ọmọ rẹ̀, ó já wọ igbó. Àwọn kan yè nínú wọn. Àwọn kan ò yè. Àgbò kò jẹ ìyà kankan, mi ò ní purọ́ fún yín. Kò sì sẹ́ni tó tú màrìwò. Ó gbẹ, ó já fúnra rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Ìdí nìyẹn tí ara awó fi kún fún àmì funfun dòní, tí òjò ò lè fọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí orí rẹ̀ fi pá. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbé inú igbó, tó jẹ́ pé bí ewé bá já, á ké, á sá. Adìyẹ nìkan ló káàánú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń kó ẹyin awó sábẹ́ adìyẹ, kó bá a pa á. Adìyẹ á pa á, á tọ́ ọ, á fi í mọ ilé. Bó bá dàgbà tán, á wo ọwọ́ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ títí, á sì gba igbó lọ.

Ibi tí mo bá àlọ́ yìí dé ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ohun tí Òòrẹ̀ sọ kó tó wọ odò, bó ṣe sọ ọ́ náà nìyí:

“Èmi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ lára rẹ mọ́.”

Èmi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ lára rẹ mọ́.